Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin tí Ẹ Ń Fi Àwòrán Ọpọlọ Wo Ìwòsàn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ oníṣègùn tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn ní Ladi-Lak, níbi tí Ṣómólú ti fẹnu ko Bàrígà, mo rí i pé kò tíì pẹ́ tí ẹ fún onírẹ̀wẹ̀sì ọkàn lóògùn tí ẹ ti ń wí pé kí ó lọ ya àwòrán ọpọlọ, kí ẹ lè mọ̀ bóyá oògùn náà ń bá a lára mu. Ìfẹ́ ìmọ̀ ni ó ń tì yín, ó sì dára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ orí, orí àpésìn, kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú.

Ẹ̀rọ MRI kì í rí ìbànújẹ́. Nígbà tí ó bá ń wo ọpọlọ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ni ó ń rí: ẹ̀jẹ̀ tí ó gbé ọ́síjìn àti èyí tí ó ti sọ ọ́ kalẹ̀ kì í jẹ́ ìpè òòfà bákan náà, gẹ́gẹ́ bí Seiji Ogawa ti fi hàn ní ọdún 1990. Ẹ̀rọ PET ní tirẹ̀ ń wo bí apá kọ̀ọ̀kan ti ń jẹ ṣúgà sí. Òun ni Helen Mayberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi rí i ní 1997 pé, kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, apá kan tí a ń pè ní cingulate ti ń ṣiṣẹ́ gidigidi lára àwọn tí oògùn padà ràn lọ́wọ́; ní 2013 wọ́n tún rí i pé ẹni tí apá ọpọlọ rẹ̀ tí a ń pè ní insula ń jẹ ṣúgà díẹ̀ ni ìtọ́jú ọ̀rọ̀ ẹnu sábà ń wò sàn, tí oògùn escitalopram sì ń bá ẹni tí tirẹ̀ ń jẹ púpọ̀ mu. Ẹ má jẹ́ kí èyí gbé yín lọ: ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a ṣírò pọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni ó jókòó níwájú yín. Ìgbìmọ̀ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tí ó yẹ irú ìwádìí wọ̀nyí wò sọ ní 2018 pé wọn kò tíì tó ohun tí a fi ń yan ìtọ́jú fún aláìsàn kan.

Ǹjẹ́ kí a wá ju àwòrán ọpọlọ nù? Rárá o. Bí ẹni tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sorí kọ́ láìsí irú rẹ̀ rí, tàbí tí ọwọ́ kan rọ, tàbí tí gìrì mú un, ẹ tètè rán an lọ ya àwòrán, nítorí kókó inú ọpọlọ lè gbé àwọ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì wọ̀. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó jẹ́ kí ìyá tí ń ta ẹja ní Bàrígà ná owó ọjà rẹ̀ sórí àwòrán, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí àwòrán náà yóò yí padà nínú ìtọ́jú rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ìwádìí ni ẹ ń ṣe, ẹ̀rọ kan náà ni kí ẹ lò ṣáájú oògùn àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá aláìsàn jẹ obì ní òwúrọ̀, nítorí káfíìnì inú obì ń dín ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí ọpọlọ kù, ẹni tí kò mọ̀ a sì rò pé oògùn ni ó ṣe é. Ẹ rọra béèrè nípa ìfúnpá, oǹdè, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí àti irun àtọwọ́dá tí ó ní irin, láìfi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín, nítorí òòfà inú ẹ̀rọ MRI kì í ṣeré.

Ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀ùn-ún. Ní Abẹ́òkúta, ní 1954, ni oníṣègùn ọpọlọ Thomas Adéoyè Lámbò dá ètò abúlé Àró sílẹ̀; nígbà náà, aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé, ìbátan rẹ̀ kan a sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti máa dáná fún un. Ojú àwọn wọ̀nyí ni ó ń rí ẹni tí ara rẹ̀ ń yá. Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ ẹ̀kọ́ yẹn nù. Nígbà tí aláìsàn bá wí pé orí òun ń gbóná, pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, ẹ má sáré wá ibi tí ó ń rìn nínú àwòrán. Ẹ bi í bóyá ó ń sùn, bóyá oúnjẹ ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu, bóyá ikú ń wù ú, kí ẹ sì fi ìwé ìbéèrè kan náà díwọ̀n rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá padà wá. Bí àwòrán bá wí pé ara ti yá, tí ìyàwó rẹ̀ sì wí pé ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí kò jáde nílé, ìyàwó ni kí ẹ gbà gbọ́, kí ẹ sì tún ìtọ́jú náà gbé yẹ̀ wò ní ọjọ́ náà gan-an.