Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, Adájọ́ Àgbà Ọmọ Ẹ̀gbá

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ kan: kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Bí kóòtù kékeré bá dá ẹjọ́ fún ènìyàn, tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè gbé e lọ sí kóòtù tó ga jù ú lọ. Ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nìyẹn. Ọkùnrin tí a fẹ́ kà nípa rẹ̀ lónìí ni olórí kóòtù tó ga jù lọ ní Nàìjíríà nígbà ayé rẹ̀.

Abẹ́òkúta níbí ni wọ́n ti bí Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, ní ọdún 1906. Bàbá rẹ̀, Ládàpọ̀ Adémọ́lá, jẹ Aláké ní ọdún 1920. Ọmọ ọba ni, ṣùgbọ́n a kì í fi ọmọ ọba ṣe adájọ́ láìkàwé. Ó kàwé ní Èkó, ó kàwé ní Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di lọ́yà ní ọdún 1934.

Ní ọdún 1939 ó di majísíréètì. Ọdún mẹ́wàá ni ó fi wà níbẹ̀ kí ó tó gòkè ní 1949. Ní 1955 ó di Adájọ́ Àgbà Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1958 ó di Adájọ́ Àgbà fún gbogbo Nàìjíríà. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga náà. Nígbà yẹn, ẹjọ́ ṣì lè ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Láti ọdún 1963, ọ̀dọ̀ tiwa níbí ni gbogbo ẹjọ́ ń parí sí.

Ẹ gbọ́ ọ̀kan nínú ẹjọ́ tó dá. Àwọn sójà ni ń ṣèjọba. Ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá Ọ̀gbẹ́ni Lákànmí, wọ́n sì ṣe òfin kan ní 1968 láti fi ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Lákànmí kò gbà. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1970, Adémọ́lá àti àwọn adájọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé iṣẹ́ kóòtù ni láti dá ènìyàn lẹ́jọ́. Ìjọba kò lè fi òfin ṣe é. Wọ́n ní òfin náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ní ọdún 1970 kan náà, ìjọba ṣe òfin mìíràn, wọ́n fi sọ ìdájọ́ náà di asán. Àbí iṣẹ́ adájọ́ wá já sí òfo? Rárá o. Adájọ́ kò ní ìbọn. Ìwé ni ó ní. Adémọ́lá fẹ̀yìn tì ní 1972, ó sì kú ní 1993, ṣùgbọ́n títí di òní ni àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà ń ka ìdájọ́ náà.

Ẹ̀kọ́ tiwa nìyí. Bí wọ́n bá dá ẹjọ́ fún ọ, ìbáà ṣe ti ilẹ̀ bàbá rẹ, béèrè ìwé ìdájọ́. Kà á. Wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i, nítorí kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní iye ọjọ́; bí ó bá ti kọjá, ilẹ̀kùn lè tì. Má sì tẹ̀ka sí ohun tí o kò tíì kà.

Ìbéèrè
1. Kí ni ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn?
2. Ọdún mélòó ni Adémọ́lá fi jẹ́ Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà?
3. Kí ló dé tí a fi ní láti wo ọjọ́ tó wà lára ìwé ìdájọ́?