Ta Ló Ń Bá Ìyá Ọmọ Tó Ní Wárápá Ṣọ́ Ọmọ?

Wárápá kì í ràn. Inú ọpọlọ ló ti ń wá. Ìfófó ẹnu ò lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Nínú èèyàn 10 tó ní in, oògùn dókítà lè dá a dúró fún bíi 7. Ti àwọn yòókù ló le. Ó lè gbé ọmọ lóru, nítorí náà ìyá ẹ̀ kì í sùn. Àwọn tó yẹ kó bá a ṣọ́ ọmọ sì ń sá fún ìfófó. Àìsùn á wá sọ ìyá náà di aláìsàn.

Tó bá gbé ọmọ, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ wo aago. Tó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹni tó mọ èyí ló lè sọ pé: "Mọ́mì, ẹ lọ sùn díẹ̀, mo wà níbí."