Bí A Ṣe Ń Fi Ilé-ẹ̀kọ́ Wé Ilé-ẹ̀kọ́

Ní Bonabéri, lódìkejì odò Wouri nílùú Douala, ọmọ méjì lè jọ máa gbé àgbàlá kan náà, kí ọ̀kan máa lọ sílé-ẹ̀kọ́ elédè Gẹ̀ẹ́sì, kí èkejì máa lọ sí ti Faransé. Òfin ètò ẹ̀kọ́ Kamẹrúùnù ti ọdún 1998 fọwọ́ sí ọ̀nà méjèèjì. Ẹni tó ń ṣe GCE, ìdánwò ti Gẹ̀ẹ́sì, ń gba lẹ́tà: A, B, C. Lórí 20 ni wọ́n ti ń fún oníbaccalauréat, ìdánwò ti Faransé, ní máàkì, tó bá ti gba 10, ó yege.

Tí ọ̀kan bá gba B nínú ìṣirò, tí èkejì gba 13, ta ló mọ̀ ọ́n jù? A ò lè sọ. Ìdánwò wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ìdí nìyí tí àjọ OECD fi ń ṣe PISA láti ọdún 2000: ìdánwò kan náà fáwọn ọmọ ọdún 15 káàkiri ayé. Ní 2022, Singapore gba 575 nínú ìṣirò, Amẹ́ríkà gba 465. Ọ̀pọ̀ ló gbọ́ èyí tí wọ́n ní ará Éṣíà mọ̀wé ju òyìnbó lọ. Ẹ má tíì gbà. Éṣíà ni Philippines náà wà, 355 ló sì gba. Nígbà tí Ṣáínà gba 591 ní 2018, Beijing, Shanghai, Jiangsu àti Zhejiang nìkan ló ṣe é. Ìpínlẹ̀ yòókù kò sí níbẹ̀. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé àwọn ọmọ wo ni wọ́n dán wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tó wà nídìí máàkì. Àwọn òbí ní Kòríà ń sanwó ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ní hagwon, ilé-ẹ̀kọ́ àdáni, bí ti Douala ṣe ń sanwó fún répétiteur, olùkọ́ àdáni. Ilé-ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ ló ń kọ́ ọmọ.

Lójú tèmi, àpẹẹrẹ tó yẹ ká fara balẹ̀ wò jù kò jìnnà rárá. Ní 2014, orílẹ̀-èdè 10 ní Áfíríkà ṣe ìdánwò àjùmọ̀ṣe kan tí wọ́n ń pè ní PASEC, Kamẹrúùnù wà níbẹ̀. Láàárín àwọn ọmọ kékeré, Burundi ló gba ipò kìíní nínú èdè àti ìṣirò, bẹ́ẹ̀ Burundi tálákà ju Kamẹrúùnù lọ. Kirundi tí wọ́n ń sọ nílé ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ náà níbẹ̀rẹ̀, òun náà ni wọ́n fi dán wọn wò. Ọmọ Douala tó ń sọ Duala tàbí Bassa pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì ló máa bá ní kíláàsì àkọ́kọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ Burundi sì dé òpin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ìdánwò di ti Faransé, àwọn náà ló ṣì léwájú nínú ìṣirò.