Ẹ Fi Ọkọ́ Sílé: Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Tó Ń Yọ̀ǹda Ara Yín Tọ́jú Òkè Mapo

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àdúgbò, ẹ̀yin ìyá ọjà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè tó máa ń jáde ní Sátidé ìmọ́tótó láti tún ẹ̀gbẹ́ òkè ṣe ní Mapo, Bẹẹrẹ, Ọjà'ba àti Bẹyẹrúnká nílùú Ìbàdàn, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni ò san kọ́bọ̀ fún yín. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí fi wúwo lẹ́nu mi: lára iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lófẹ̀ẹ́ yẹn ló ń ba òkè náà jẹ́.

Ọkọ́ ni mo ń bá wí. Bí a bá dé ibi tí koríko ti hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ohun tí ọwọ́ wa kọ́kọ́ mọ̀ ni ká ro ó kanlẹ̀, ká gbá a, kí ilẹ̀ pupa máa dán. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé nìyẹn: àgbàlá tó bá ní koríko, àgbàlá ọ̀lẹ ni. Èmi náà ṣe é. Láyé ìjọba Buhari àti Ìdíàgbọn, 1984 sí 1985, mo wà lára àwọn tó ro ẹ̀gbẹ́ òkè kan títí tó fi dà bí orí apárí. Wọ́n yìn wá, inú wa dùn. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ lẹ́sẹ̀ òkè náà nìkan ni ò yìn wá. Ó wò wá lókè lódò, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ tún fẹ́ fi iyẹ̀pẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ni?” A rẹ́rìn-ín. Òjò tó rọ̀ lọ́sẹ̀ náà kó ilẹ̀ tí a ro wá sí ẹnu ìsọ̀ rẹ̀ àti sínú gọ́tà. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, àwa kan náà la lọ kó iyẹ̀pẹ̀ kúrò nínú gọ́tà. Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà náà la kó o jọ sí, òjò sì dá a padà sínú rẹ̀.

Kò sí ẹni tó mọ Ìbàdàn àtijọ́ tí kò tíì rí ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti yọ síta bí eyín àgbà. Ẹ wo àtẹ̀gùn irú ilé bẹ́ẹ̀ dáadáa. Àwọn tó wà lókè ti gbó, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ṣì jẹ́ tuntun, nítorí bí ilẹ̀ ṣe ń lọ ni onílé ń fi kún un. Ilé náà ò ga sí i o, ilẹ̀ ló sá lábẹ́ rẹ̀.

Òkè Mapo, tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn ìlú lé lórí ní 1929, àti Òkè Ààrẹ tí ilé ìṣọ́ Láyípo wà lórí rẹ̀ láti 1936, òkúta funfun líle ni egungun wọn. Erùpẹ̀ tó bo egungun náà kò nípọn, koríko ló sì dì í mú. Bí òjò bá bọ́ sórí koríko, ewé á kọ́kọ́ gbà á, gbòǹgbò á fa díẹ̀ mu, ìyókù á máa rọra sàn. Bó bá bọ́ sórí ilẹ̀ tí a ro, ńṣe ló máa sáré. Omi apá ìwọ̀-oòrùn Mapo ń wọ́ lọ sí Ògùnpa, ti ìlà-oòrùn ń lọ sí Kúdẹtì, iyẹ̀pẹ̀ tó bá kó dání ló sì ń dí ojú odò.

Ẹni tó ti gbọ́njú ní 1980 mọ ohun tí odò tó dí lè ṣe. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, ni Omíyalé Ògùnpa gbé èèyàn tó lé ní 200 lọ. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ kan náà ni ti 2011 tún dé, nínú oṣù tí a máa ń sọ pé òjò ń sinmi. Mi ò sọ pé ọkọ́ ló fa Omíyalé. Pàǹtírí tí a dà sódò wà ńbẹ̀, ilé tí a kọ́ sí bèbè odò wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ òkè náà wà ńbẹ̀, a kì í sì í dárúkọ rẹ̀.

Ní Switzerland, níbi tí òkè ti ga tí yìnyín sì ń ya lulẹ̀ lu abúlé, omi ya wọ̀lú ní 1868, wọ́n sì ṣòfin ní 1876 pé igbó orí òkè kò gbọ́dọ̀ pa run, nítorí àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀. Láti 1987 ni ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Bergwaldprojekt ti ń kó àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn lọ sí irú igbó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé onímọ̀ igbó ló ń ṣíwájú wọn, tó ń sọ igi tí wọ́n lè gé àti èyí tí wọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Tiwa ò jìnnà. FRIN, iléeṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀, wà ní Jẹ́ríkò níbí. Ẹ lọ béèrè.

Kí ẹ tó dé ọ̀hún, ẹ gbé àdá dípò ọkọ́. Ẹ gé koríko dé ọrùn ẹsẹ̀, ẹ fi gbòǹgbò sílẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí èyí tí ẹ gé bo ilẹ̀. Ẹ má dáná sun ún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ewé Akíntọ́lá pàápàá, tí gbogbo wa kórìíra rẹ̀ tó báyìí (a ṣì ń fún un sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá o), ẹ má hú u tán lọ́jọ́ kan bí ẹ ò bá ní ohun tí ẹ máa fi rọ́pò rẹ̀. Níbi tí àgbàrá ti gbẹ́lẹ̀, ẹ to òkúta dábùú ọ̀nà omi, kẹ́ ẹ sì gbin koríko vetiver sẹ́yìn rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ lè wọlẹ̀ tó mítà 3.

Ní ti igi gbígbìn, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká dín fọ́tò kù. Igi tí a gbìn pẹ̀lú ìlù àti agbádá, tí kò sẹ́ni tó máa bomi rin ín nígbà ọyẹ́, ewúrẹ́ la gbìn ín fún. Ẹ dúró kí òjò fìdí múlẹ̀, ìparí oṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà, kí ẹ fi ọparun ṣọgbà yí i ká, kí ẹ sì yan ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀rùn méjì. Ẹ má gbin igi tíìkì, irú èyí tó wà lọ́nà Ẹlẹ́yẹlé, sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Ewé rẹ̀ ńlá a máa da omi lulẹ̀ bí ẹni ń da garawa, koríko kì í sì í fẹ́ hù dáadáa lábẹ́ rẹ̀. Akòko dára. Òro náà dára. Ìtàn sọ pé èso rẹ̀ àti ìgbín ló gba Lágelú tó tẹ Ìbàdàn dó àtàwọn ọmọ rẹ̀ là lórí òkè nígbà tí ogun lé wọn.

Ilẹ̀ tí ẹ rò pé kò ní olówó, ó ní. Ẹ rí mọ́gàjí agbo ilé tó ni ín kí ẹ tó fi àdá kàn án, kí ẹ sì béèrè ibi tí wọ́n sin òkú sí. Bó bá jẹ́ ojúbọ, ọ̀dọ̀ àwọn àwòrò ni kí ẹ ti gba àṣẹ. Ti ojúbọ Òkèbàdàn, Abọkè ni àwòrò rẹ̀.

Ẹ wọ bàtà òjò. Abẹ́ àti ìgò fífọ́ pọ̀ nínú pàǹtírí ẹ̀gbẹ́ òkè. Bí irin bá gún èèyàn, ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́ àrùn ipá. Bí ejò bá buni, ẹ má sín gbẹ́rẹ́, ẹ má fi okùn dì í, ẹ yáa gbé onítọ̀hún lọ.

Wòlé-wòlé lè dé, kó ní àdúgbò yín dọ̀tí nítorí koríko tí ẹ dá sí. Ẹ má bá a jà. Ẹ ní kó padà wá lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀, kí ẹ mú un dé ẹnu gọ́tà méjì, ti ẹ̀gbẹ́ òkè tí ẹ gé àti ti èyí tí wọ́n ro, kó fojú ara rẹ̀ wo àwọ̀ omi tó ń jáde.