Ẹ Yẹ Etí àti Ojú Ọmọ Wò Kí Ẹ Tó Pè É Ní Olódo

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi pàṣán sílẹ̀ ná. Ọmọ tí ẹ ní ó ya olódo, tí ẹ ní olóríkunkun ni, ó lè jẹ́ pé kò gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ, tàbí pé kò rí ojú pátákó.

Ẹ ṣọ́ ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa ní kíláàsì. Tíṣà á ní kí wọ́n ṣí ìwé, ọwọ́ ẹni tó jókòó tì í ló máa kọ́kọ́ wò kó tó ṣí tirẹ̀. Bí ẹ bá kọjú sí i, á dáhùn. Bí ẹ bá kẹ̀yìn sí i, kò ní mọ̀ pé ẹ sọ̀rọ̀. Ojú ló fi ń gbọ́rọ̀. Nílé, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ rọra pe orúkọ rẹ̀. Bí kò bá bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù. Bí ọyún bá ń jáde létí rẹ̀, ẹ má da epo tàbí omi ọmú sí i o. Ọyún tó bá pẹ́ níbẹ̀ lè ba etí náà jẹ́ pátápátá.

Òmíràn wà tí etí rẹ̀ gbọ́ràn, tí ojú rẹ̀ ríran, tó lè pa àlọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, síbẹ̀ tí kò lè ka ìlà méjì, tó ń fi b pe d. Ẹgba kò wo ìyẹn. Tíṣà tó kọ́ iṣẹ́ náà ló ń fi sùúrù kọ́ ọ.

Ọmọ tí kò gbọ́ràn rárá ló ń dùn mí jù. Ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọpọlọ ọmọ ń gba èdè wọlé jù, èdè tí àwọn adití ń fi ọwọ́ sọ sì ni kó tètè bá pàdé. Àwọn kan á wá máa gbé e ti orí òkè àdúrà kan bọ́ sí òmíràn títí ọdún wọ̀nyẹn á fi lọ. Ẹ gbàdúrà, ṣùgbọ́n kí ọmọ máa lọ sílé ìwé bí ẹ ti ń gbà á.

Ilé ìwé wà. Ní Sùúrùlérè l'Ékòó, Wesley wà fún àwọn adití, Pacelli sì wà fún àwọn tí kò ríran. Láti 1977 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yọ́ ti ń kọ́ àwọn tíṣà fún iṣẹ́ yìí. Òfin tí ààrẹ ìgbà náà buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní 2019 sì fún ọmọ tó ní ìpèníjà ara lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé sẹ́kọ́ńdìrì. Bí ọ̀gá ilé ìwé ìjọba kan bá ní kí ẹ máa mú tiyín lọ, ẹ ní kó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ mú ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín.