PÍPARÍ AÁWỌ̀ ỌJÀ LÁÌ DÉ KÓÒTÙ

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìbà, Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gbogbo,

Irúgbìn tí kò hù àti ajílẹ̀ tí kò pé ìwọ̀n kì í ṣe àdánù owó nìkan, nítorí òjò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àgbẹ̀ tí ń lọ tí ń bọ̀ ní kóòtù nígbà tí àkókò ìgbìn ń kọjá lè jàre ẹjọ́, kí ó sì pàdánù ìkórè. Àwọn àgbà wí pé a kì í ti kóòtù dé ṣe ọ̀rẹ́. Ọ̀dọ̀ òǹtajà kan náà ni a ó sì tún ti rajà lọ́dún tí ń bọ̀. Nítorí náà, ẹ tẹ̀lé ọ̀nà wọ̀nyí.

1. Ẹ gba rìsíìtì. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 pa á láṣẹ fún òǹtajà láti fún oníbàárà ní àkọsílẹ̀ ohun tí ó tà. Ẹ tọ́jú àpò ọjà náà pẹ̀lú.

2. Ẹ dán ọjà wò kí ẹ tó lò ó. Ẹ ka 100 hóró àgbàdo sínú aṣọ tútù, ẹ má jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ 7, kí ẹ sì ka iye tí ó hù. Bí ó bá jẹ́ 50 péré, ìdajì owó yín ti ṣòfò. Ẹ gbé àpò ajílẹ̀ tí a kọ 50 kílò sí lára lé ìwọ̀n níwájú ẹlẹ́rìí kí ẹ tó tú u.

3. Ẹ tọ òǹtajà lọ kíákíá, pẹ̀lú akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń fẹ́: pàṣípààrọ̀, owó yín, tàbí ìyókù ọjà. Ẹ̀tọ́ yín ni láti dá ọjà alábùkù padà. Ṣùgbọ́n ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti tan òun náà jẹ níbi tí ó ti rà á. Ẹ má ṣe fi ipá gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù rẹ̀.

4. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yanjú, kí ẹ jọ yan onílàjà kan tí kì í ṣe ẹbí ẹnikẹ́ni nínú yín. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, iye owó àti ọjọ́ tí a ó san án, kí ìhà méjèèjì fọwọ́ sí i. Lábẹ́ òfin ìlàjà ti ọdún 2023, irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ de ìhà méjèèjì.

5. Bí òǹtajà bá kọ̀, ẹ kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo oníbàárà. Ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ ta ayédèrú, ẹ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ìjọba. Ìyẹn kọjá ìlàjà.

Aáwọ̀ láàárín ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀: ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà tí ń rí sí ọ̀ràn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni a ń gbé e lọ.

Kóòtù kò tilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó gbẹ̀yìn. Ẹ ka ìwé yìí sétí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé yín.