Tremblay: Orúkọ Kan Tí Ó La Òkun Kọjá

“Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.” Àwọn àgbà wa kò fi ọ̀rọ̀ orúkọ ṣeré rárá. Ọmọ tí a bí sí ojú ọ̀nà ni à ń pè ní Abíọ́nà. Èyí tí ó dojú bolẹ̀ jáde ni à ń pè ní Àjàyí. Bí a bá sì fẹ́ mọ orísun ẹnì kan, oríkì orílẹ̀ rẹ̀ ni a ó tẹ́tí sí. Ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé, èyíinì ni orúkọ kan ṣoṣo tí baba ń jẹ́, tí ọmọ ń jẹ́, tí ọmọ-ọmọ pẹ̀lú yóò sì máa jẹ́ láì yí i padà, kò tíì pẹ́ púpọ̀ láàárín wa. Ilé ìjọsìn, ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé ìjọba ni ó bá wọlé. Ní ilẹ̀ Faransé, ó ti tó nǹkan bí 700 ọdún tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti ń ti ọwọ́ baba bọ́ sí ọwọ́ ọmọ. Ọ̀kan nínú wọn ni a ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lónìí: Tremblay, tí àwọn Faransé ń pè bí ẹni pé a kọ ọ́ ní “Tránbúlẹ̀”. Ní ilẹ̀ tí ó ti ṣẹ̀, kò sí lára àwọn orúkọ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ. Ní òkè òkun, ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó gbé e dé ibẹ̀, ó sì di orúkọ tí àwọn ènìyàn ń jẹ́ jù lọ ní odidi ìpínlẹ̀ kan.

Ní ayé àtijọ́, orúkọ ìrìbọmi nìkan ni ará Faransé ń jẹ́. Nígbà tí ènìyàn kò pọ̀ lábúlé, èyí tó. Bí a bá pe Jean, gbogbo ènìyàn mọ Jean tí à ń bá wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi di ọ̀rúndún 12, ìlú ti ń kún, Jean àti Pierre àti Guillaume sì wà ní gbogbo ìkóríta. Báwo ni akọ̀wé yóò ti ṣe mọ Pierre tí ó jẹ gbèsè owó-orí àti Pierre tí kò jẹ? Nítorí náà ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí fi orúkọ ìnagijẹ kún orúkọ. A fi orúkọ baba pe àwọn kan, gẹ́gẹ́ bí àwọn Martin. A fi iṣẹ́ ọwọ́ pe àwọn mìíràn: Lefebvre ni alágbẹ̀dẹ. A fi ìrísí pe àwọn mìíràn: Petit ni ẹni kékeré, Leroux sì ni onírun pupa. Àwọn tí ó kù, ibi tí wọ́n ń gbé ni a fi pè wọ́n, bí Dubois, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ “ti inú igbó”. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìnagijẹ yìí a máa bá ẹni tí ń jẹ́ ẹ kú. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí jogún rẹ̀, tí ọmọ alágbẹ̀dẹ ń jẹ́ Lefebvre, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fọwọ́ kan ewìrì rí.

Ibi tí ènìyàn ń gbé ni Tremblay ti wá. Igi kan wà ní àwọn ilẹ̀ tútù tí àwọn Faransé ń pè ní “tremble”, èyíinì ni “agbọ̀n-rìrì”. Igi ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé atẹ́gùn tí kò tó láti mi ewé mìíràn yóò mú gbogbo ewé rẹ̀ máa gbọ̀n. Ibi tí irú igi bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ sí ni wọ́n ń pè ní Tremblay, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ní Ìdí-Ìrókò àti Ìdí-Àràbà. Abúlé tí ń jẹ́ Tremblay kò mọ ní ọ̀kan: Tremblay-en-France wà lẹ́bàá Paris, níbi tí apá kan nínú pápá ọkọ̀ òfuurufú ńlá ti Roissy wà, Le Tremblay-sur-Mauldre wà, àwọn mìíràn sì wà ní apá ìwọ̀-oòrùn.

Ẹ kíyè sí ohun tí èyí fi hàn. Ẹni tí ó kúrò ní Tremblay kan àti ẹni tí ó kúrò ní Tremblay kejì lè máa jẹ́ orúkọ kan náà láì bá ara wọn tan rárá. François Leclerc du Tremblay, ẹni tí ó gbé ayé láti 1577 títí di 1638, jẹ́ àlùfáà àti olùdámọ̀ràn Kádínà Richelieu, agbára rẹ̀ sì pọ̀ ní ààfin ọba Faransé. Ilẹ̀ tí ìdílé rẹ̀ ní ni ó fún un ní orúkọ yìí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ibẹ̀ sáré lọ sọ pé gbogbo Tremblay ayé jẹ́ ọmọ ìjòyè, ó ti kọsẹ̀. Irú àṣìṣe báyìí wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ń wá orírun wọn. Ìjòyè ni gbogbo wa fẹ́ bá tan, kì í ṣe àgbẹ̀.

Òfin ni ó wá so orúkọ wọ̀nyí mọ́lẹ̀. Ní 1539, Ọba François Kìíní pàṣẹ ní Villers-Cotterêts pé kí àwọn àlùfáà máa kọ orúkọ àwọn tí wọ́n bá ṣe ìrìbọmi fún sínú ìwé. Ní 1667, Louis Kẹrìnlá ní kí wọ́n máa kọ ìwé náà ní ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan má bàa jóná kí gbogbo rẹ̀ parun. Ní 1794, lẹ́yìn tí àwọn ará ìlú ti gba ìjọba lọ́wọ́ ọba, òfin mìíràn ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ orúkọ tí ó yàtọ̀ sí èyí tí ó wà nínú ìwé ìbí rẹ̀. Bí kò bá sí àwọn ìwé wọ̀nyí ni, a kì bá tí mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ní ìwọ̀-oòrùn Paris ni agbègbè kan wà tí à ń pè ní Perche, ilẹ̀ igbó àti òkè kéékèèké, tí ó lókìkí nítorí àwọn ẹṣin ńláńlá rẹ̀. Ní abúlé Randonnai, ní Perche yìí, ni a bí Pierre Tremblay sí ní 1626. Philibert ni orúkọ baba rẹ̀. Ní àkókò náà, àwọn Faransé ń tẹ ilẹ̀ tuntun dó ní etí odò Saint-Laurent, ní ibi tí a ń pè ní Kánádà. Oníṣègùn kan láti Perche, Robert Giffard, ti gba ilẹ̀ ńlá kan ní Beauport, lẹ́bàá ìlú Québec, ní 1634, ó sì ń wá àwọn àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí yóò bá a lọ. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ a máa ṣe àdéhùn iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ṣe irú àdéhùn yìí ni ó padà sílé nígbà tí ó pé. Òjò dídì ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí ojú ń fẹ́ rí lẹ́ẹ̀mejì. Pierre wọ ọkọ̀ ní 1647. Kò padà.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá, 1657, ó gbé Ozanne Achon níyàwó ní ìlú Québec. Láti agbègbè La Rochelle ni ọmọbìnrin yìí ti wá, òun náà sì la òkun kọjá. Wọ́n gba ilẹ̀ ní L'Ange-Gardien, ní etí odò, wọ́n ń gé igbó, wọ́n ń gbin ọkà, wọ́n sì bí ọmọ 12. Nínú àwọn ọmọkùnrin wọn, mẹ́rin ni ìran wọn gbilẹ̀: Pierre, Michel, Jacques àti Louis. Láti ara àwọn mẹ́rin yìí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo Tremblay tí ó wà ní Amẹ́ríkà ti Àríwá lónìí ti wá.

Ohun mẹ́ta ni ó ràn wọ́n lọ́wọ́. Èkíní, wọ́n tètè dé, nígbà tí ènìyàn kò tíì pọ̀ níbẹ̀. Èkejì, nígbà tí Faransé jọ̀wọ́ Kánádà fún Gẹ̀ẹ́sì ní 1763, àlejò láti Faransé fẹ́rẹ̀ẹ́ dẹ́kun pátápátá. Nǹkan bí 70,000 àwọn tí ó wà níbẹ̀ ni ó kù láti máa bí sí i, wọ́n sì bí púpọ̀. Ẹ̀kẹta, ìdílé yìí kò jókòó sójú kan. Wọ́n tẹ̀ lé odò lọ sí Charlevoix, níbi tí òkè àti odò ti há àwọn ènìyàn mọ́ àárín. Ní 1838, àwọn ọkùnrin 21 láti Charlevoix dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti lọ la igbó Saguenay, tí ó jìnnà sí àríwá. Aṣáájú wọn ni Alexis Tremblay, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Picoté, èyíinì ni ẹni tí ojú rẹ̀ ní àmì tótòtó.

Mo fẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí orúkọ Picoté yìí, nítorí pé òun ni ó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Ìdí tí a fi sọ ẹnì kan ní Tremblay ní ọ̀rúndún 13 ni láti yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ́ Pierre. Ní Charlevoix, Tremblay pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ mọ́. Àfi kí wọ́n tún padà sídìí ìnagijẹ, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba ńlá wọn ti ṣe. Orúkọ tí ó bá pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ ti ṣíwọ́ iṣẹ́ orúkọ.

Nínú ìṣirò tí ìjọba Québec tẹ̀ jáde ní 2006, nǹkan bí ènìyàn 11 nínú gbogbo 1,000 ní ìpínlẹ̀ náà ni ó ń jẹ́ Tremblay. Òun ni ó ṣíwájú gbogbo orúkọ. Gagnon ni ó tẹ̀ lé e, Perche kan náà sì ni àwọn Gagnon pẹ̀lú ti wá. Ní Saguenay àti Charlevoix ni ó ti pọ̀ jù. Ó wà ní Montréal pẹ̀lú, níbi tí a bí Michel Tremblay sí ní 1942, ẹni tí eré oníṣe rẹ̀, Les Belles-sœurs, mì ìlú náà tìtì ní 1968. Láti nǹkan bí 1840 títí di 1930, nǹkan bí 900,000 ará Kánádà tí ń sọ èdè Faransé lọ sí Amẹ́ríkà láti wá iṣẹ́, pàápàá ní àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ. Níbẹ̀ ni àwọn akọ̀wé tí kò gbọ́ Faransé ti kọ Tremblay bí etí wọn ti gbọ́ ọ: Trombley, Trombly, Trembley. Ẹni tí ń jẹ́ Trombley ní Vermont lónìí lè má mọ̀ pé orúkọ igi kan ní ilẹ̀ Faransé ni òun ń jẹ́. Ní Perche, ní Tourouvre, a ti kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan nípa àwọn tí ó kúrò níbẹ̀ lọ sí Kánádà, àwọn ọmọ wọn sì ń ti òkè òkun wá wò ó. Ní 2016, a da Randonnai pọ̀ mọ́ Tourouvre àti àwọn abúlé mìíràn sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé agbára tàbí ọgbọ́n àrà ọ̀tọ̀ kan ni ó mú kí orúkọ yìí borí. Ọkùnrin tí ó bí ọmọbìnrin nìkan, orúkọ rẹ̀ parí níbẹ̀. Ọmọ Faransé kan, Bienaymé, ti ronú lórí èyí ní 1845. Ní 1874, Galton àti Watson tẹ ìṣirò tiwọn jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí orúkọ ìdílé púpọ̀ fi ń parẹ́. Ìṣirò fi hàn pé kò dìgbà tí ìdílé bá ṣẹ̀ kí orúkọ rẹ̀ tó kú. Kádàrá lásán tó.

Orúkọ nìkan kọ́ ni àwọn ará Saguenay jogún. Nítorí pé àwọn díẹ̀ ni ó tẹ ilẹ̀ náà dó, nǹkan bí ẹnì kan nínú 20 níbẹ̀ ni ó ń gbé àbùdá àrùn kan tí à ń pè ní tyrosinemia kiri láì mọ̀, láì sì ṣàìsàn. Bí baba àti ìyá bá ní i, ìdámẹ́rin ni ewu tí ó wà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bí. Àrùn náà a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì ti pa ọmọ ọwọ́ púpọ̀ láyé ìjelòó. Láti 1970 ni wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọ tuntun wò ní Québec. Oògùn tí ó kápá àrùn náà dé ní àwọn ọdún 1990. Àwọn onímọ̀ ní Chicoutimi sì ti kó ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìgbéyàwó àtijọ́ jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kí wọ́n lè tọ ipa irú àrùn bẹ́ẹ̀ láti ìran dé ìran. Ṣùgbọ́n wọn kì í wo orúkọ ènìyàn kí wọ́n sì sọ pé ó ní àrùn. Tremblay kan lè má ní àbùdá yìí, ẹni tí ń jẹ́ orúkọ mìíràn sì lè ní i, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ìyá kò dín sí ti baba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ìyá kì í bá ọmọ lọ.

Ozanne Achon náà nìyẹn. Gbogbo ẹni tí ó ti ara Pierre wá ni ó ti ara rẹ̀ wá. Àwọn àlùfáà kò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, nítorí pé àṣà wọn ni láti kọ obìnrin sínú ìwé pẹ̀lú orúkọ ilé baba rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi mọ̀ pé ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, 1707, ni ó kú ní L'Ange-Gardien, lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ 12 tí ó bí, kò sí ọ̀kan tí ó jẹ́ Achon. Láti 1981, òfin Québec ní kí obìnrin máa jẹ́ orúkọ tirẹ̀ lọ nílé ọkọ, ọmọ sì lè jẹ́ orúkọ baba, tàbí ti ìyá, tàbí méjèèjì. Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn òbí ti ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ lórí orúkọ ọmọ láti 2005. Ìbá ṣe pé irú òfin yìí wà ní 1657, bóyá a kì bá máa wá ìtumọ̀ Tremblay lónìí, Achon ni à bá máa bèèrè.